Murukku mi le bí òkúta: báwo lẹ ṣe ń dín ìpápánu àwọn ará gúúsù Íńdíà tó fi ń rún lẹ́nu?

Adúnọlá_EastHam

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. East Ham ní London ni mò ń gbé, àwọn Tamil pọ̀ ládùúgbò wa, ṣọ́ọ̀bù wọn ló yí wa ká. Obìnrin ará Chennai kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí Deepavali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn Hindu, bá ti dé báyìí, agolo ńlá kan ló máa ń gbé wá síbi iṣẹ́, murukku ló máa ń kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n pò ni, wọ́n á fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan tẹ̀ ẹ́ jáde bí okùn, wọ́n á lọ́ ọ roboto bí òṣùká, wọ́n á wá jù ú sínú òróró. Orúkọ ẹ̀ gan-an, ohun tó lọ́ ló túmọ̀ sí lédè Tamil. Tẹ́ ẹ bá gé e jẹ, á dún kàrà, á fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu, kò ní bá yín jà, kò sì ní lẹ̀ mọ́ eyín.

Mo wá ní lọ́dún yìí, èmi náà á ṣe tèmi kí n gbé agolo fún un. Mo wọn ìyẹ̀fun ìrẹsì kọ́ọ̀bù 3, mo fi fúláwà kọ́ọ̀bù 1 kún un torí ẹ̀rù ń bà mí pé ìrẹsì nìkan ò ní lè di ara ẹ̀ mú, mo fi iyọ̀ sí i, yànmọ̀tí, ata gígún díẹ̀, mo fi omi pò ó. Ó tẹ̀ jáde dáadáa, ó pọ́n dáadáa, ojú ẹ̀ jọ ti ọ̀rẹ́ mi yẹn gẹ́lẹ́. Ìgbà tó tutù tán ni ọ̀rọ̀ tó yí padà. Ó le koránkorán! Ọmọ mi ọkùnrin gé e jẹ, ló bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní eyín ń dun òun. Kí ni mi ò ṣe? Kí ni mo ṣe jù? Deepavali ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré o.

Kay_Tambaram

Àǹtí Adúnọlá ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún 4 ni mo fi kàwé ní Chennai, Tambaram ni mò ń gbé nígbà yẹn, ìyá àgbà tó ni ilé tí mo háyà, Paati là ń pè é, ìyẹn ni ìyá àgbà lédè wọn, ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ẹ̀ ni mo ti kọ́ nǹkan yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi.

Fúláwà yẹn lẹ máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Fúláwà máa ń fà, ohun tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì fà yẹn náà ló ń jẹ́ kí murukku le tó bá ti gbẹ. Ìrẹsì ò ní nǹkan yẹn nínú, ìdí tó fi ń rún nìyẹn. Ohun tó ń dì í mú ni urad dal, ulundu ni àwọn Tamil ń pè é, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan báyìí tí èèpo ẹ̀ dúdú tí inú ẹ̀ funfun, ẹ máa rí èyí tí wọ́n ti bó nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ sọ yẹn. Ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ, iná díẹ̀, ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí òórùn ẹ̀ á fi jáde, bó bá ṣe fẹ́ máa pọ́n báyìí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á korò. Tó bá tutù ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ìyẹ̀fun ìrẹsì kọ́ọ̀bù 4, ti urad kọ́ọ̀bù 1, bí Paati ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Èkejì, ẹ ò fi ọ̀rá kankan sínú ẹ̀. Fún ìwọ̀n tí mo sọ yẹn, bọ́tà ṣíbí ìjẹun 3 ti tó. Kí omi tó kàn án rárá, ẹ fi ìka ra bọ́tà yẹn mọ́ ìyẹ̀fun títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ dì í. Tó bá dúró, tó sì tú ká nígbà tẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ti bọ́ sí i. Iyọ̀, inú omi ni kẹ́ ẹ ti yọ́ ọ, pẹ̀lú hing díẹ̀ (perungayam ni tiwọn, oje gbòǹgbò ewéko kan tó ti gbẹ, òórùn ẹ̀ le lákọ̀ọ́kọ́ àmọ́ tó bá ti wọ òróró á dùn). Yànmọ̀tí tàbí kúmínì, èyí tó bá wù yín.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù rèé. Wọ́n ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Krishna Jayanthi, ọdún ìbí Krishna, oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ló máa ń bọ́ sí. Murukku àti seedai, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n ká róbótó, ni Paati máa ń dín lọ́jọ́ yẹn, iwájú òrìṣà wọn ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu ṣáájú, ẹni tó ń dín in gan-an ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Mo bi í léèrè pé Paati, báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀ pé ó ti jinná? Ó fi ìka kan etí. Tó bá ju murukku sínú òróró, á pariwo ṣàààà, ìfófó ńláńlá á bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń gbọ́. Á yí i padà lẹ́ẹ̀kan, á tún máa gbọ́. Nígbà tó bá yá ìfófó yẹn á di wẹ́wẹ́, ariwo á rọlẹ̀, á di ṣììì, ó kù díẹ̀. Ìgbà tí òróró bá dákẹ́ ló ń yọ ọ́. Á wá ju ọ̀kan sórí àwo irin, tó bá dún ṣaworo báyìí, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn nìyẹn. Tó bá dún pọ̀, á dá a padà sínú òróró. Àwọn tó wá jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́, mi ò rí ẹni tó sọ pé tòun rọ̀ rí.

Fẹ́mi_FoodSci

Ẹ̀gbọ́n Kay, ohun tí Paati ń gbọ́ yẹn, omi ni. Òróró tó gbóná kì í hó fúnra ẹ̀ níbi tá a ti ń dín nǹkan, omi inú ìyẹ̀fun ló ń di ooru tó ń bọ́ síta. Tí omi bá pọ̀ nínú ẹ̀, ariwo á pọ̀, tí omi bá ti ń tán, ariwo á lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná tó pọ̀ jù fi máa ń tan èèyàn, ara ẹ̀ á ti pọ́n, omi ṣì wà nínú, á rún lónìí, tó bá dọ̀la omi yẹn á ti tàn dé ara, á rọ̀. Nǹkan bíi 160 sí 175 °C lórí tẹmómítà ni mo máa ń lò. Tí ò bá tó bẹ́ẹ̀ náà, á mu òróró yó.

ÌyáAlákàrà_Mọ́kọlá

Ẹ kúuṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń dín àkàrà ní Mọ́kọlá nílùú Ìbàdàn, ìyá mi ló sì fà á lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà Íńdíà yìí wọ̀ mí lára. Bá a ṣe ń mọ̀ ọ́n náà nìyẹn! Tí mo bá kẹ̀yìn sí agbada tí mò ń fún ẹnì kan ní ṣéńjì, mo mọ ìgbà tí àkàrà ń fẹ́ kí n yí òun, ohùn ẹ̀ ló ń yí padà. Mi ò ní tẹmómítà rí láyé mi.

Kay ọmọ mi, ṣé àwọn náà ní ohun tó jọ àkàrà? Ẹ̀wà yẹn tó o sọ pé inú ẹ̀ funfun, ṣé wọn kì í kàn rẹ ẹ́, kí wọ́n bó o, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n dín in?

Kay_Tambaram

Ẹ kúuṣẹ́ mà. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ mà! Vada ni, Tamil ń pè é ní ulundu vadai, ní ìpínlẹ̀ Karnataka wọ́n ń pè é ní medu vada, medu yẹn ni rírọ̀ lédè Kannada, torí inú ẹ̀. Mo máa kọ ọ́ fún yín lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí murukku Àǹtí Adúnọlá kọ́kọ́ yanjú.

Bọ̀dé_Ìlúpéjú

Fún àwa tá a wà ní Èkó, urad dal wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà ní Ìlúpéjú níbí, èyí tí wọ́n ti bó tó funfun ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ náà wà, onídẹ wà, ti irin tí kì í dógùn-ún náà wà. Oríṣiríṣi àwo ló máa bá a wá, èyí tí ihò ẹ̀ rí bí ìràwọ̀ ni ti murukku, èyí tí ihò ẹ̀ gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ wà fún ribbon pakoda, èyí tó ní ihò wínníwínní ni ti omapodi. Ìyẹ̀fun ribbon pakoda, besan, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana, ni wọ́n ń fi kún ìrẹsì níbẹ̀, kì í ṣe urad.

Ẹ̀gbọ́n Kay, seedai tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ńkọ́? Ó dà bíi pé ó rọrùn ju murukku lọ torí kò gba ẹ̀rọ. Mo fẹ́ dán an wò lópin ọ̀sẹ̀.

Adúnọlá_EastHam

Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Mo ti ra urad, mo yan án, mo lọ̀ ọ́, mo yọ fúláwà kúrò pátápátá. Àmọ́ mo ní torí pé ìyẹn àkọ́kọ́ le, kí n fi bọ́tà sí i dáadáa. Ṣíbí 3 tí Kay sọ, mo sọ ọ́ di 8. Ẹ ò ní gbà gbọ́, bí mo ṣe tẹ òṣùká àkọ́kọ́ sínú òróró, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ báyìí ló tú ká, ó di iyanrìn nísàlẹ̀ páànù. Mo tẹ ìkejì, bákan náà. Òróró ọ̀hún kún fún ìdọ̀tí, mo ní láti pa iná kí n sẹ́ ẹ. Ìdajì ìyẹ̀fun tí mo pò ṣì wà nínú abọ́, ṣé kí n dà á nù ni?

Kay_Tambaram

Ẹ má dà á nù o! Bọ́tà ló pọ̀ jù. Ọ̀rá ló ń gé ìyẹ̀fun sí wẹ́wẹ́ kó má bàa dì jọ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ò bá sí, gbogbo ẹ̀ á dì pọ̀ di òkúta, tó bá pọ̀ jù, kò sóhun tó máa dì í mú mọ́, á tú sínú òróró. Ẹ bu ìyẹ̀fun ìrẹsì sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú urad díẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ sì máa tẹ ọ̀kan ṣoṣo wò nínú òróró kẹ́ ẹ tó tẹ ìyókù. Ọ̀kan ṣoṣo. Paati tó ti ń ṣe é láti kékeré, ọ̀kan ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ nígbà gbogbo.

Omi náà, ẹ ṣọ́ ọ. Ìyẹ̀fun yẹn gbọ́dọ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ò ní ro yín láti tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Tó bá ń já nígbà tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, omi ò tó. Ẹ fi aṣọ tútù bo èyí tó wà nínú abọ́, torí ó ń gbẹ. Ẹ má sì po gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ po èyí tẹ́ ẹ máa dín tán láàárín ìdajì wákàtí, èyí tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń mu òróró, ó sì máa ń pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó wà lọ́kàn mi kí n sọ èyí tẹ́lẹ̀: ìlú kan wà lágbègbè Tiruchirappalli tó ń jẹ́ Manapparai, murukku ni wọ́n fi mọ ìlú yẹn káàkiri ìpínlẹ̀ Tamil Nadu. Lọ́dún 2023 ìjọba Íńdíà fún murukku wọn ní àmì GI, ìyẹn ni pé ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ ò lè máa ta tiẹ̀ lórúkọ Manapparai. Àwọn ará ibẹ̀ á sọ fún yín pé omi ìlú àwọn ló ń jẹ́ kó dùn. Èmi jẹ ẹ́, ó dùn lóòótọ́, mo sì rò pé ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

ÀǹtíTítí_Thrissur

Ẹ kú àpérò o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọkọ mi ló jẹ́ ará Kerala ní Íńdíà, Thrissur níbẹ̀ la wà láti ọdún 9. Òróró wo lẹ̀ ń lò? Mi ò tíì rí ẹni tó sọ òróró àgbọn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mí. Níbí, òróró àgbọn la fi ń dín ìpápánu, òórùn ẹ̀ nìkan, tẹ́ ẹ bá wà lójú títì ẹ máa mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń dín upperi.

Upperi yẹn lẹ máa fẹ́ràn, torí ìpékeré ni! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Nendran ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sún mọ́ àgbagbà tiwa gan-an. Èyí tí kò pọ́n rárá. Wọ́n á bó o, wọ́n á gbé ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ sókè agbada, wọ́n á máa rẹ́ ẹ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tààrà sínú òróró tó gbóná. Iyọ̀ kì í kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kó tó wọ òróró. Tó bá ti ń jinná lọ, ìyá ọkọ mi á bu omi iyọ̀ tó ti po ata ilẹ̀ pupa sí, ṣíbí kan péré, á wọ́n ọn sínú òróró tó ń hó yẹn. Òróró á bú, á ta sókè, á pariwo, àwọn tó wà nítòsí á sún sẹ́yìn. Ó ń dúró kí ariwo yẹn tán. Tó bá tán, iyọ̀ ti wọ ara ẹ̀ káríkárí, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ kó o jáde. Nígbà Onam, ọdún ìkórè Kerala, ẹ̀gbẹ́ kan lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń bù ú sí, pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ṣúgà dúdú bò, sharkara varatti.

ÌyáAlákàrà_Mọ́kọlá

Omi nínú òróró gbígbóná kẹ̀, Títí? Rárá o. Mo ti rí ẹni tí òróró jó lójú. Ìpékeré tiwa níbí, a máa ń fi iyọ̀ ra á kó tó wọ òróró, a ò sì ní ìṣòro kankan.

ÀǹtíTítí_Thrissur

Mà, ẹ ò jẹ̀bi rárá. Ẹni tí ò bá rí i kí wọ́n ṣe é níwájú ẹ̀ rí, kó má ṣe é. Agbada tí ìyá ọkọ mi ń lò, ìdajì ẹ̀ ni òróró ń dé, ó jìn, ọwọ́ ẹ̀ sì gùn. Páànù pẹlẹbẹ inú ilé, ẹ má dán an wò. Ẹ rẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ ti rẹ́ sínú omi iyọ̀ àti ata ilẹ̀ pupa fún ìṣẹ́jú 10, ẹ kó o jáde, ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ wá dín in. Adùn ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ àmọ́ kò sẹ́ni tó máa jóná.

Bọ̀dé_Ìlúpéjú

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ jíjóná yìí, mo ti bá a pàdé. Mo ṣe seedai lánàá. Mo rí i lórí fídíò kan, ìyẹ̀fun ìrẹsì, urad, àgbọn rírin, yànmọ̀tí, wọ́n ń ká a ní róbótó róbótó bí òkúta ayò. Mo ká a, ó rẹwà, ó ń dán. Mo kó bíi 20 sínú òróró lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pé ìṣẹ́jú kan, pàà! ọ̀kan fò jáde nínú páànù, ó lu ògiri, pàà! òmíràn, òróró ta sí mi lápá ọ̀tún láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìyàwó mi ló pa iná. Ara mi ń gbọ̀n títí mo fi jókòó. Kí ló fà á?

Fẹ́mi_FoodSci

Pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n. Omi tó ń ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú 20 gbáko, ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo. Tó bá ti lé ròrò tàbí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ má sọ pé ó máa lọ.

Kay_Tambaram

Bọ̀dé, má bínú, èmi ló yẹ kó ti kìlọ̀ nígbà tó o béèrè. Gbogbo ilé Tamil ló mọ̀ pé seedai ń bẹ́. Bó o ṣe sọ pé ó ń dán yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. O ká a dì jù. Ara ẹ̀ ti dì gan-in, iná kọ́kọ́ gan ara ìta, omi inú ẹ̀ di ooru, ooru ò ríbi gbà jáde, ló bá fọ́ ọ. Seedai tó dáa, ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí págunpàgun, kó sán díẹ̀díẹ̀ káàkiri, Paati máa ń bá mi wí tí tèmi bá ti ń dán.

Ìyẹ̀fun náà, ó yẹ kó o sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Hóró ìrẹsì kan tí kò kúnná, tàbí kókó ìyẹ̀fun kan, tàbí yànmọ̀tí tó pọ̀ jù, òun náà lè fà á. Àgbọn náà, yíyan ló yẹ kó o yan án kí omi ara ẹ̀ gbẹ. Tó o bá ká a tán, tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20 kí aṣọ fa omi ara ẹ̀, fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta péré lo máa kọ́kọ́ jù sínú òróró tí kò gbóná jù, kó o sì jìnnà sí i. Àmọ́ tèmi ni pé kó o fi seedai sílẹ̀ ná, jẹ́ kí apá yẹn jinná, bẹ̀rẹ̀ láti orí thattai. Pẹlẹbẹ ni thattai, o máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bíi bisikíìtì lórí ọ̀rá láílọ́ọ̀nù, o máa fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri, ooru á ríbi gbà jáde. Èlò kan náà ni, kàn fi ewé kọ́rì àti ẹ̀wà chana tó o ti rẹ sómi sí i.

Ìyá Alákàrà, vada tí mo ṣèlérí rèé. Ẹ rẹ urad sómi wákàtí 3, kó má ju 4 lọ. Ẹ gbọ́n omi ẹ̀ dànù, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tútù díẹ̀díẹ̀, ṣíbí ṣíbí ni kẹ́ ẹ máa fi omi sí i, torí tí omi bá fi wọ̀ ọ́ jù, ó parí nìyẹn, á mu òróró. Wọ́n ní ẹ̀rọ olókùúta kan fún un, Coimbatore ló gbajúmọ̀ fún ṣíṣe é, òkúta inú ẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́ kì í mú ẹ̀wà gbóná bíi bùlẹ́ńdà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi ọwọ́ lù ú títí á fi fúyẹ́. Ẹ ju kín-ín-ní sínú omi, tó bá léfòó, ó ti ṣe. Iyọ̀, ìgbẹ̀yìn. Ata tútù, ewé kọ́rì, ata dúdú, àlùbọ́sà náà, ìgbẹ̀yìn, torí àlùbọ́sà á tú omi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ara ẹ̀ rún sí i, ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣíbí 1 tàbí 2. Ẹ fi omi ra ọwọ́, ẹ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi àtàǹpàkò lu ihò sáàárín, ẹ yí ọwọ́ sójú òróró kó yọ́ bọ́ sínú ẹ̀. Ihò yẹn ló ń jẹ́ kí àárín jinná pẹ̀lú etí.

Bọ̀dé_Ìlúpéjú

Mo lọ ọsibítù, wọ́n ti tọ́jú ẹ̀, ẹ ṣé. Ìyá Alákàrà, mo ti fi urad kílò 2 ránṣẹ́ sí yín, ọkọ̀ Ìbàdàn ti òwúrọ̀ ni mo fi í sí.

ÌyáAlákàrà_Mọ́kọlá

Bọ̀dé, Olúwa á tọ́jú apá yẹn, á sì bù kún ọ. Ó dé ọwọ́ mi.

Mo rẹ ẹ́. Mo lọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yà mí lẹ́nu fún yín. Ẹ̀wà tiwa kì í fà báyìí. Eléyìí, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ bù ú, ó ń yọ̀, ó ń fà bí ewédú tó jiná dáadáa, ọkàn mi ò kọ́kọ́ balẹ̀. Mo kó o sínú odó, mo fi ọmọrí lù ú bí mo ṣe ń lu ti àkàrà, kò pẹ́ rárá ló wú, ó funfun bí òwú, kíá ju ti ẹ̀wà wa lọ. Mo ju díẹ̀ sómi, ó léfòó. Ìyá tèmi náà ń ju àkàrà sómi wò bẹ́ẹ̀, mo rò pé àwa nìkan la mọ̀ ọ́n.

Ihò yẹn ló yọ mí lẹ́nu. Ọwọ́ mi ti mọ́ ṣíbí àkàrà, àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ di àkàrà lásán. Ẹ̀kẹfà ló yọ́ kúrò lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ihò ẹ̀. Ara ẹ̀ gan, ó ń dún, inú ẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù. Àwọn oníbàárà tó wá ra àkàrà ní kí n ta á fún àwọn, mo pín in fún wọn ni. Àmọ́ lẹ́yìn wákàtí kan ara ẹ̀ ti rọ̀. Ṣé mo ṣe é ṣì ni?

Kay_Tambaram

Rárá mà, ẹ ò ṣe é ṣì! Vada kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọ́jú, gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú sambar (ọbẹ̀ ẹ̀wà wọn) àti chutney àgbọn, bí àwa ṣe ń fi àkàrà jẹ ògì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á rì í sínú yúgọ́ọ̀tì tí wọ́n ti fi músítádì àti ewé kọ́rì tí wọ́n dín sí, thayir vadai nìyẹn, rírọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀. Murukku ni ti agolo, nítorí pé omi ò sí nínú ẹ̀ mọ́ rárá. Inú vada gbọ́dọ̀ ní omi, ara ẹ̀ ò lè gan pẹ́.

Adúnọlá_EastHam

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé!

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí i ṣe. Ìrẹsì 4, urad 1, bọ́tà ṣíbí 3, mi ò fi nǹkan kan lé e. Mo dì í lọ́wọ́, ó dúró, mo tẹ̀ ẹ́, ó tú. Mo tẹ ọ̀kan ṣoṣo sínú òróró, kò tú ká. Mo pa rédíò, mo ní kí àwọn ọmọ lọ sókè, mo wá dúró tì í. Ṣàààà ni lóòótọ́. Mo fẹ́ yọ ọ́ nígbà tó pọ́n, mo rántí Paati, mo fi í sílẹ̀. Ìfófó yẹn di wẹ́wẹ́, ó di bíi ti ọṣẹ tó ti ń parẹ́ lórí omi, ariwo ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ń lọ sílẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ń yí rédíò wálẹ̀, ó wá dákẹ́. Mo yọ ọ́. Ó dún ṣaworo lórí àwo. Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo jẹ òdindi ọ̀kan, omi bọ́ lójú mi.

Mo dín 46. Mo tẹ́ ẹ sórí pépà títí ó fi tutù pátápátá, ọwọ́ ń yún mi láti kó o sínú agolo àmọ́ Fẹ́mi ti sọ ọ̀rọ̀ omi, mo mọ̀ pé tó bá wọ agolo ní gbígbóná ooru ara ẹ̀ á rọ̀ ọ́.

Mo gbé agolo fún ọ̀rẹ́ mi láàárọ̀ yìí. Ó ṣí i, ó mú ọ̀kan. Kò fi sẹ́nu o. Ó gbé e sún mọ́ etí, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ó wò mí, ó ní ta ló kọ́ mi.

Àǹtí Títí, mo ti ra òróró àgbọn o, Nendran náà wà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nígun òpópó wa. Rírẹ sómi iyọ̀ yẹn ni mo máa ṣe, mi ò ní wọ́n omi kankan sínú òróró. Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ le gan-an ni, àbí èyí tó ti fẹ́ máa pọ́n náà dáa?

ÀǹtíTítí_Thrissur

Kó le gan-an, kí èèpo ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Èyí tó bá ti fẹ́ pọ́n ti ní ṣúgà nínú, á dúdú kí omi ara ẹ̀ tó tán. Kú oríire o, inú mi dùn gan-an!

ÌyáAlákàrà_Mọ́kọlá

Adúnọlá, kú iṣẹ́ ọmọ mi. Bọ̀dé, tí apá bá ti jinná, bá mi wo iye tí kílò 5 urad yẹn jẹ́. Àwọn oníbàárà mi ti ń béèrè àkàrà oníhò láti òwúrọ̀.